Òṣómàálò Tí Kò Gba Gbèsè

Òṣómàálò kan kú ní Iléṣà, kò gba gbèsè rẹ̀.

Aṣọ kọ́ ló tà. Kì í ṣe àǹkárá, kì í ṣe dàmáàsìkì, kì í ṣe irú ẹrù tí àwọn bàbá rẹ̀ ń rù kiri Èkìtì àti Àkókó tà láwìn nígbà ayé wọn. Ẹ̀rín ló dì lẹ́rù. Ó rù ú dé ojúlé gbogbo wa, ó tú u sílẹ̀ ní pálọ̀, kò fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, kò ní ká mú owó wá ná. Ó ní ká máa lò ó. A lò ó lọ́jọ́ ìsinmi, a lò ó lọ́jọ́ iṣẹ́, a lò ó lọ́jọ́ tí oúnjẹ kò kárí nílé. Ìgbà tí ọjọ́ owó pé, gbogbo wa tilẹ̀kùn mọ́rí.

Bàbá Sàlá, ẹ̀yin là ń bá wí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Obòkun, ẹ̀yin là ń sunkún. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ariwo ta láti Iléṣà pé ẹ ti lọ. Ẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn kan ní ẹkún kò kàn án, wọ́n ní ikú àgbà ni, wọ́n ní ká lùlù, ká pa màlúù, ká ra aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó. Onígbèsè ní ẹkún tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwa la sì jẹ gbèsè.

Ẹkún yìí kò sì rọrùn-ún sun. Ohùn arò kò tí ì gòkè ọ̀fun, aago ti yọjú. Aago orí tábìlì, èyí tó máa ń dún gbàgàgbàgà jí àwọn ọmọ iléèwé, òun lẹ gbé kọ́ra. Awò ojú tẹ̀lé e: férémù gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó gba ojú tó tún gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, dígí kò sí nínú rẹ̀, ìka lè gba àárín rẹ̀ kọjá lọ họ ìpéǹpéjú. Bó-táì wá ńkọ́? Bó-táì tó fẹ̀ débi pé ẹni tó so ó mọ́rùn kò lè rí ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Aṣọ tí èèyàn méjì lè jọ wọ̀ láìfara kan ara. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ múra, ẹ gbójú sókè, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti mú wa. Ojú yín le koko, ojú àgbà tó mọyì ara rẹ̀, ojú olówó tó ń lọ sípàdé pàtàkì. Ẹni tó ń sọ ara rẹ̀ di yẹ̀yẹ́ kì í mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lòun ń ṣe. Ẹ mọ ìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yọ ahọ́n tí wọ́n ń yí ojú po lórí ìtàgé lónìí kò tí ì mọ̀ ọ́n.

Yéè, Bàbá. Ta ni yóò tún gbójú le koko bẹ́ẹ̀ fún wa?

Inú àpótí la ti pàdé yín. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀, ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi "àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" yangàn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ Aláwàdà yín fi kó wọ inú àpótí yẹn. Àpótí onígi ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn tí onílé lè fi kọ́kọ́rọ́ tì. Dúdú àti funfun ni gbogbo ayé inú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo lè wà ládùúgbò, ilé ẹni tó ni ín a sì di ilé gbogbo ayé lálẹ́ ọjọ́ eré yín. Àgbà lórí àga, ọmọdé lórí ẹní, ìyá tó ń gbọ́mọ pọ̀n ní ìdúró, àwọn tí kò ráyè wọlé fi àyà ti fèrèsé. Ọmọkùnrin kan a sì wà níta nínú òkùnkùn, tó di ọ̀pá ọparun tí wọ́n so wáyà mọ́ mú gírígírí.

"Ó ti dáa?"

"Yí i díẹ̀ sí i!"

"Ibí ńkọ́?"

"O ti bà á jẹ́! Dá a padà! Dúró síbẹ̀, má mira!"

Ọmọ yẹn kò rí yín. Ẹ̀rín ló ń gbọ́. Ẹ̀rín kún inú ilé, ó bú jáde lójú fèrèsé, ó bá a níbi tó dúró sí, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì bèèrè. Bàbá Sàlá ni, ó tán. Ẹni tó bá mọ ọmọ ọ̀pá ọparun yẹn, kó bá wa kí i. Ó ti dàgbà báyìí, ewú ti bò ó lórí, òun náà ní ẹkún láti sun. Nígbà tí NEPA sì bá mú iná lọ ní àárín eré, èpè tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà kì í ṣe èyí tó ṣeé kọ sínú ìwé.

Orin lẹ kọ́kọ́ ṣe, kí àwàdà tó gbà yín lọ́wọ́ orin. Ẹ ní ẹgbẹ́ olórin tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies, hailáìfù lẹ ń kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ta gìtá lẹ́yìn yín níbẹ̀. Ní 1967 ó ní òun fẹ́ dá dúró, ó lọ dá Green Spots sílẹ̀, ayé wá ń pè é ní King Sunny Adé. Ẹ wo irú ẹrù tí ẹ ta sílẹ̀! Ẹlòmíràn ì bá gbé e sínú kú. Èmi kò rò pé orin fi yín sílẹ̀ náà ṣá. Bí ẹ ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu, tí ẹ jẹ́ kí ilé pa lọ́lọ́, tí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó sọ gbólóhùn tó máa wó ilé lulẹ̀, onílù ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aláwàdà tí kò mọ ìlù kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ yín nínú iṣẹ́ náà, àgbà ni wọ́n. Hubert Ògúndé wà níbẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, Dúró Ládìípọ̀ wà níbẹ̀ tó mú Ṣàngó tìjà-tìjà wá sórí ìtàgé. Àwọn yẹn mú ọba wá, wọ́n mú òrìṣà wá, wọ́n mú ìtàn ìlú wá. Kí lẹ̀yin mú wá? Ẹ mú ahun wá. Ẹ mú arúgbó tó ń sáré tẹ̀lé ọmọge wá, ẹ mú bàbá tó ń gbọ́n tí ọmọ ìkókó ń gbọ́n jù ú lọ wá, ẹ mú onírìnkurìn tó ń dọ́gbọ́n kí wọ́n má bàa rí ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ̀ wá. Àwọn kan fojú tín-ínrín wo irú ẹrù yìí, wọ́n ní àwàdà kò tó eré. Mo ní wọ́n ṣì í. Ọba kì í gbé ilé wa. Ahun ń gbé ilé wa, ọ̀rọ̀ owó sì ni ó ń gbé gbogbo wa lọ́kàn sókè láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ rántí àkókò tí ó jẹ́. Náírà dé ní 1973, pọ́n-ùn àti ṣílè lọ. Epo rọ̀bì ń dà bí omi, owó Údójì jáde ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀kún owó oṣù tí wọn kò retí, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì àti fìríìjì wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó ní kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹni tí kò ní ń wá ẹni tó máa sọ ẹgbẹ̀rún kan di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún un. Láàárín ariwo owó yẹn, Bàbá Sàlá jókòó nínú àpótí, ó di owó rẹ̀ mọ́ra, ó ń wo gbogbo ayé tìfura-tìfura láti inú férémù tí kò ní dígí. Tó bá ní ká má jẹun púpọ̀, a rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn, tó kígbe, tó káwọ́ lérí, a rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara wa là ń wò. Ẹ ò sọ fún wa, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín tán ká tó dé ilé ká tó mọ̀.

Ó wá kù díẹ̀, ohùn mi ń gbọ̀n níbi tí mo dé yìí.

Ọ̀run Mooru. Ọdún 1982. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé owó kalẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ṣe olórí òṣèré. Ọlọ́jà kan ni ìtàn náà dá lé, ẹni tó rí jájẹ tẹ́lẹ̀, tí oníṣègùn èké kan tàn pé òun á sọ owó rẹ̀ di ọ̀pọ̀. Owó lọ, ọlá lọ, ọ̀rẹ́ lọ. Ayé sú u. Ó dé ọ̀run, wọ́n wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tí ì tó, kó máa padà sáyé. Ẹ̀rín lẹ fi ṣe é. Ẹ ò mọ̀ pé ara yín lẹ ń fi ìtàn náà wọ̀n.

Ẹ kó owó yín sí i. Ẹ yá ti báńkì kún un. Fíìmù ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fóònù yà. Rọ́ọ̀lù ni, iná ni, ọkọ̀ ni, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ àwòrán rẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀nà tí owó yóò gbà padà ni pé kí ẹ gbé fíìmù náà kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, láti ìlú dé ìlú, kí ẹni kọ̀ọ̀kan san owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Kí fíìmù náà tó rìn jìnnà, olè ti ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó tú sígboro. Wọ́n ń tà á, wọ́n ń yá a, wọ́n ń gbé e lọ́wọ́ kọjá níwájú gbọ̀ngàn tí àga ti ń dúró de èèyàn.

Ta ló jí i? Ẹni kan ló jí i, ẹgbẹgbẹ̀rún ló rà á.
Ta ló dà á kọ? Ẹni kan ló dà á kọ, gbogbo pálọ̀ ló gbà á lálejò.
Ta ló rẹ́rìn-ín? Ẹ má bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa, Bàbá. Ẹ má bèèrè.

Àwọn tó wò ó kò kórìíra yín. Ìfẹ́ yín ni wọ́n fi wò ó. Oró ibẹ̀ nìyẹn, òun ni kò jẹ́ kí ẹkún yìí tán nínú mi: ẹni tó fẹ́ràn yín jù ló lọ san owó fún olè. Ó jókòó nílé rẹ̀, ó di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní "Bàbá Sàlá yìí á pa mí o!" Kò mọ̀ pé òun ló ń pa Bàbá Sàlá. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tó léyín lẹ́nu, ọdún 1988 ló tó jáde. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti gbé igbá kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Báńkì kò sì mọ àwàdà. Ẹ gbé férémù wọ̀, ẹ gbé aago kọ́ra, báńkì ní kí ẹ mú owó òun wá.

Òṣómàálò ìgbàanì ì bá ti mọ ohun tó máa ṣe. Ì bá ti dé ẹnu ọ̀nà wa kí àkùkọ tó kọ. Kò ní jókòó, kò ní gbomi mu, orí ìlóṣòó ni yóò wà, yóò máa wo ilẹ̀kùn títí onígbèsè yóò fi jáde pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti ìtìjú lójú. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ àwọn tó mọ owó í béèrè, ẹ ò wá. Ẹ ò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹ tún ń dì í lẹ́rù ni! Ọdún tó tẹ̀lé e, 1983, Ààrẹ Àgbáyé jáde. Nígbà tó di 1985, Mo Ṣe Bọ́lá Tán tẹ̀lé e. Ẹ gbọ́ orúkọ tí ọkùnrin tí wọ́n jà lólè sọ fíìmù rẹ̀, ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Nígbà tí fídíò tó pa yín lẹ́kún di iṣẹ́ gbogbo òṣèré, ẹ wọ inú rẹ̀ náà, ẹ ṣe Àgbà Man. Ẹ ò bínú sí àpótí, ẹ ò bínú sí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ò bínú sí wa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti ń fa gbèsè kò lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìjọba fún yín ní MFR. Ó dára, a dúpẹ́. A ò rí báńkì tó gba MFR dípò owó rí.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká sunkún díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká sunkún ẹgbẹ́ Aláwàdà, àwọn tí ẹ jọ sùn sínú lọ́rì lójú ọ̀nà, tí ẹ jọ lẹ àwòrán mọ́ ògiri ìlú tí ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká sunkún gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti sọ di ibi ìkẹ́rùsí, tí ọmọdé òní kò mọ̀ pé èèyàn ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká sunkún àwọn eré tẹlifíṣọ̀n tí tépù wọn ti di àwátì, nítorí pé lórí tépù kan náà tí wọ́n fi yà yín ni wọ́n tún máa ń ya nǹkan mìíràn lé. Nǹkan tí gbogbo ìran kan jọ rí, kò sí ibi tí a ti lè mú un jáde fún ọmọ. Orí wa nìkan ló kù sí, orí wa náà sì ń gbàgbé. Ẹnìkan ní aago yẹn, ọwọ́ ló wà. Ẹlòmíràn búra pé ọrùn ni. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bí òkú yín ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn, ẹ ò tilẹ̀ tíì sinmi.

Irú yín kò pa run, a kò gbọdọ̀ purọ́. Àlùwẹ̀ wà láyé, ó ti dàgbà. Mr Latin wà, Ṣányẹ̀rì wà, Okùnnù wà, ilẹ̀ tí ẹ gbin ni gbogbo wọn ń kórè. Àwọn ọmọdé tuntun sì dé tó jẹ́ pé orí fóònù ni ìtàgé wọn. Ọ̀dọ́ tí irun kò tí ì hù lágbọ̀n rẹ̀ á lẹ irùngbọ̀n funfun mọ́ ọn, á gbé awò ojú wọ̀, á di baba arúgbó oníṣekúṣe, ẹ̀rín á gba ìlú láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé férémù yẹn wọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi díẹ̀ pé owó ìpolówó ń wọlé fún wọn, pé ẹ̀rín wọn ń rí nǹkan jẹ. Èyí tó kù nínú tiyín ṣì ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ègé kan níbí, ègé kan lọ́hùn-ún, àwòrán rẹ̀ ti ṣá, ohùn rẹ̀ ti há. A ń wò ó. Lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni.

Ọ̀run ti dákẹ́ o, Bàbá. Ní 1982 ẹ dé ibẹ̀, wọ́n dá yín padà, ẹ wá sọ fún wa pé ó mooru. A gbà yín gbọ́, a rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ lọ, a ń retí kí wọ́n tún ní àkókò kò tó. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. A máa ń kìlọ̀ oúnjẹ fún ẹni tó bá ń lọ àjò yín. Ẹ̀yin la ò ní kìlọ̀ fún, ẹ̀yin tó jẹ́ pé kí ẹ tó tọ́ ọbẹ̀ wò ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ra ẹran. Ẹ kí Dúró Ládìípọ̀. Ẹ kí Ògúndé àti Ògúnmọ́lá. Ẹ kí Òjó Ládìípọ̀, Bàbá Mẹ́rò, aláwàdà ẹlẹgbẹ́ yín, tó ti lọ láti 1978, ẹ sọ fún un pé Ọ̀gá Bello bójú tó ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀.

Ẹ sì ti rí Babátúndé Ọmídínà báyìí, Bàbá Sùwé, aláwàdà bíi tiyín, tó tẹ̀lé yín lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ẹ fún un ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó sọ tirẹ̀. Kó sọ bí wọ́n ṣe mú un ní pápákọ̀ òfurufú Èkó ní 2011 pé ó gbé oògùn olóró mì, tí wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń ṣọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà, tí wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Kó sọ bí kóòtù ṣe ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 25 náírà fún un, tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbà á padà kó tó dé àpò. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ti kásẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ti báńkì. Ẹ gbójú le koko bí ẹ ti máa ń ṣe. Òun, mo mọ̀ ọ́n, yóò ti ki ìka bọ ẹnu kó má bàa bú jáde. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?